Ẹ̀jẹ́ Ìyá Mi àti Ọ̀nà Emùré

Kí n má parọ́ fún yín, kì í ṣe ìfẹ́ ni mo fi bá ìyá mi rin ìrìn náà. Ìbínú ni. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa tó ti ń gbá ilẹ̀kùn yàrá mi bíi pé ilé ń jó.

"Tíṣà! Tíṣà! Oòrùn máa tó yọ o!"

Tíṣà ló máa ń pè mí láti ọjọ́ tí mo ti gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́. Tí inú rẹ̀ bá dùn, Tíṣà ni. Tí inú rẹ̀ ò bá dùn, Tíṣà náà ni, ohùn ló máa ń fi yà wọ́n sọ́tọ̀. Mo dìde, mo da omi sójú, mo wo ìyàwó mi àti ọmọbìnrin wa tó ká jọ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo sì bi ara mi pé irú ayé wo nìyí, tí èmi olùkọ́ jọ́gíráfì, tí mo ti lé ní ogójì ọdún, fẹ́ fi ẹsẹ̀ rìn láti Ìkéré dé etí òkun.

Ọmọ yẹn ló fa gbogbo rẹ̀, tí a bá fẹ́ sọ òótọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni oyún ti bàjẹ́ lára ìyàwó mi kí a tó bí i. Nígbà tí ìkẹrin dé, tí gbogbo wa ń rìn jẹ́jẹ́ nínú ilé, ọjọ́ ìkórè bọ́ sí i ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́dọ̀ tiwa, wọ́n máa ń pe àwọn tó bá fẹ́ jẹ́ ẹ̀jẹ́ síwájú lọ́jọ́ ìkórè. Ẹnì kan á ní tí Ọlọ́run bá ṣe tòun, òun á ra àga fún ìjọ. Ẹlòmíràn á ní àgbò lòun máa mú wá. Ìyá mi ò ní àgbò, kò sì lágbára àga. Opó ni, oko ẹ̀gẹ́ díẹ̀ ló kù fún un. Ó bọ́ síwájú, ó gba maikirofóònù lọ́wọ́ pásítọ̀, ó ní, "Ẹsẹ̀ ni mo ní. Bí oyún yìí bá dúró, tí mo bá fi ọwọ́ ara mi gbé ọmọ náà, màá fi ẹsẹ̀ yìí rìn lọ sí etí òkun, màá kúnlẹ̀ sínú omi níbẹ̀, màá dúpẹ́. Mi ò ní wọ mọ́tò."

Ìjọ ké "Àmín" tí páànù fi mì. Èmi ni mi ò lè ké. Mi ò mọ ibi tí òkun ti wọ inú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nínú ìran wa, kò sí ẹni tó rí òkun rí. Ará orí òkè ni wá, odò tó bá ti ju orúnkún lọ, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wá. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ nípa òkun nínú kíláàsì, ṣùgbọ́n orí máàpù lèmi náà ti mọ̀ ọ́n.

Oyún dúró. A bí ọmọbìnrin, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń jẹun, ó ń fa ewé àgbàdo aládùúgbò ya. Ìyá mi gbé e, ó pọ̀n ọ́n, ó bá a ṣeré títí. Ẹ̀jẹ́ wà níbẹ̀. Lọ́dún kìíní, ó ní kí òjò kọ́kọ́ dá ná. Ọdún yẹn náà ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, gbogbo ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́ ń kó bẹ́ẹ̀dì àti àwo wọn bọ̀ wálé, kò sẹ́ni tó ráyè ẹni tó ń lọ sí òkun. Lọ́dún kejì, orúnkún rẹ̀ wú. Lẹ́yìn náà ni ibà bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọmọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dá a dúró ní ọsibítù láàárín oṣù mẹ́ta, nígbà kejì gìrì gbé e lójú gbogbo wa. Dókítà ní ibà ni. Èmi náà ní ibà ni. Ìyá mi ní òun mọ ẹni tó rán ibà.

"Ọlọ́run ń rán mi létí ni," ó ní. "Tí ara ọmọ yìí bá tún gbóná lẹ́ẹ̀kẹta, kì í ṣe dókítà ló máa bá wa sọ̀rọ̀ o."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí láàárín wa nìyẹn. Ẹ̀rù ń bà á pé ọmọ máa kú tí òun ò bá rìn. Ẹ̀rù ń bà mí pé òun fúnra rẹ̀ ló máa kú tó bá rìn: obìnrin tó ti súnmọ́ àádọ́rin ọdún, tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá jà, tí orúnkún ọ̀tún rẹ̀ tóbi ju ti òsì lọ. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo bínú sí i. Mo pe pásítọ̀ sí i. Pásítọ̀ ní Ọlọ́run mọ ọkàn rẹ̀, pé ó ti gbà á bíi pé ó ti rìn. Ìyá mi ní kí pásítọ̀ má wulẹ̀ fi Ọlọ́run parọ́.

Ìgbà yẹn, àwa olùkọ́ ti daṣẹ́ sílẹ̀, mi ò ní ilé-ìwé tí mo lè fi ṣe àwáwí. Tí mi ò bá tẹ̀lé e, òun nìkan á lọ. Ni mo bá ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí, tí mi ò sọ fún ìyàwó mi pàápàá.

Ọ̀nà òkun láti Ìkéré ò ní wàhálà kankan lórí máàpù. Gúúsù ni. Àkúrẹ́, Oǹdó, Òkìtìpupa, Igbókòdá, omi. Ọmọ kíláàsì kejì á fi ìka tọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ìyá mi ò mọ̀wé, mo sì sọ fún un pé Ìṣẹ́ la máa gbà, ká bọ́ sí Emùré, ká máa lọ. Ìlà oòrùn nìyẹn, kò bá òkun tan rárá. Ìdí rẹ̀ ni pé Emùré ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi wà, ilé ọkọ ló gbé e débẹ̀ láti ìgbà èwe, òun nìkan ló kù nínú àwọn ọmọ ìyá wọn. Ẹ̀gbọ́n yìí ló pọ̀n ìyá mi dàgbà. Láyé mi, mi ò tíì rí ọjọ́ tí ìyá mi sọ pé rárá fún un. Mo kọ lẹ́tà sí wọn, mo fi rán awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan tó ń ná Emùré. Mo ní à ń bọ̀, ó ti máa rẹ Màmá kí a tó dé, kí wọ́n dá a dúró fún mi, kí wọ́n fi ipò àgbà bá a sọ̀rọ̀. Tó bá ṣorí kunkun, kí wọ́n kúnlẹ̀ fún un. Tí ẹ̀gbọ́n bá kúnlẹ̀ bẹ àbúrò lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, torí kò sí àbúrò tó fẹ́ kí irú ẹ̀ wà lọ́rùn òun.

"Ṣé ibẹ̀ ni ọ̀nà gbà?" ìyá mi bi mí nígbà tí mo sọ ọ́.

"Ibẹ̀ ni, Màmá."

Ó wò mí díẹ̀. Ó ní, "Ó dáa, Tíṣà. Ìwọ lo mọ̀wé."

Kí a tó jáde láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó gbé ọwọ́ lé ọmọ lórí, ó gbàdúrà títí tí ọmọ fi jí, tó bú sẹ́kún. Ìyàwó mi fún wa ní ọ̀lẹ̀ mẹ́fà nínú ewé àti omi nínú kẹ́ẹ̀gì kékeré. Ìyá mi gbé àpò rẹ̀ rù, ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà rọ́bà tó fi ń lọ sóko. Èmi ọlọ́gbọ́n, mo ti ra bàtà kánfáàsì funfun tuntun, mo so okùn rẹ̀ le bí ọmọ ṣọ́jà.

Ní ìgboro Ìkéré, kò sí ojúlé tí wọn ò ti bi wá. Ẹ kú àárọ̀ o, níbo lẹ ń lọ ní kùtùkùtù? Ìyá mi á dúró, á sọ ẹrù kalẹ̀, á béèrè ọkọ, á béèrè ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kó tó wá sọ pé etí òkun lòun ń lọ. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn kan ní "Hẹ̀ẹ́!", wọ́n di orí mú. Àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìkórè yẹn ò rẹ́rìn-ín ní tiwọn, wọ́n ń gbàdúrà fún un. Oòrùn ti gun orí òkè Olósùnta kí a tó jáde kúrò nílùú. Mo ní, "Màmá, tí a bá ń kí gbogbo ayé báyìí, ọmọ yẹn á ti lọ́kọ kí a tó débẹ̀."

"Ṣé kí n máa kọjá lára èèyàn bí ewúrẹ́ ni?" ó ní.

Ọ̀nà Ìṣẹ́ dá lọ́jọ́ yẹn. Epo ti wọ́n, àwọn tó ń tà á nínú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá ọ̀nà nìkan lojú wọn ń dán. Bọ́ọ̀sì tó kọjá wa ní gbogbo àárọ̀ ò pọ̀, èyí tó bá sì kọjá, èèyàn ti kún un dé ẹnu ilẹ̀kùn. Wọ́n á na orí síta láti wò wá, èmi pẹ̀lú kánfáàsì mi àti ìyá mi pẹ̀lú ẹrù lórí. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wọn á ti máa sọ pé irú ọmọ wo lèyí tí kò lè gba ẹrù lórí ìyá rẹ̀. Mo ti gbà á, ó kọ̀ ni. Ó ní ẹ̀jẹ́ òun ni, àpò òun ni.

Ohun tí mo ti rò ni pé á ti rẹ̀ ẹ́ kí a tó rin wákàtí méjì. Mo ti ṣètò rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì: á jókòó, á di orúnkún mú, màá sọ̀rọ̀ tútù fún un, bóyá a ò tilẹ̀ ní dé Emùré tí a máa fi yí padà. Háà! Obìnrin yìí ò jókòó. Ó ń rìn bí ó ṣe ń rìn lọ sóko, kò yára, kò sì dúró. Èmi ni mo kọ́kọ́ ní kí a sinmi. Kánfáàsì tuntun ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ mí ní gìgísẹ̀, ìléròrò ti yọ síbẹ̀, gbogbo ìgbà tí mo bá ti gbé ẹsẹ̀ ló ń ta mí.

"Sinmi, kí o wá bá mi níwájú," ó ní. "Tí èmi bá jókòó báyìí, orúnkún yìí máa gan."

Ta ló máa jókòó kí ìyá rẹ̀ arúgbó máa dá lọ? Mo tẹ̀lé e. Mò ń bú ìkórè, mò ń bú maikirofóònù, mò ń bú ẹni tó fa iná wọ ìlú wa tí maikirofóònù fi rí ohun jẹ. Oòrùn bọ́ sí wa lórí. Oko kòkó lápá ọ̀tún, oko kòkó lápá òsì, òjìji wà lábẹ́ wọn lọ́hùn-ún, àwa sì wà lórí ọ̀dà tó ń jó. Àwọn ará abà kan tó ń sá kòkó sẹ́bàá títì fún wa ní ọsàn. Ìyá mi ò jókòó níbẹ̀ náà, ìdúró ló fi mu tirẹ̀, ó súre fún wọn, ó ń lọ. A jẹ ọ̀lẹ̀ lórí ìrìn. Ó ti rẹ̀ mí débi pé mi ò mọ̀ bóyá iyọ̀ wà nínú rẹ̀.

Nígbà tó yá, a ò sọ̀rọ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ náà gba agbára. Mo kàn ń wo gìgísẹ̀ rẹ̀ níwájú mi, bàtà rọ́bà yẹn tó ń gbéra tó ń balẹ̀, pa, pa, pa, mo sì ń sọ fún ara mi pé títí dé igi tó wà lọ́hùn-ún yẹn, lẹ́yìn náà títí dé èyí tó tẹ̀lé e. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, n kò mọ̀ pé òkè pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láàárín Ìkéré àti Ìṣẹ́. Mọ́tò máa ń gùn wọ́n, èèyàn ò ní fura.

Nígbà tí a dé orí afárá Ògbèsè, ìyá mi dúró fúnra rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó gbá irin afárá mú, ó di ojú, ẹnu rẹ̀ ń mì kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Mo rò pé ọmọ ló ń gbàdúrà fún. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ò kan ilẹ̀ tán, ọmọ ìka nìkan ló fi ń tẹ̀ ẹ́. Mo rí i, inú mi bàjẹ́, inú mi sì tún dùn díẹ̀, kí Ọlọ́run forí jì mí. Mo ní ó ti kù díẹ̀ báyìí.

Orí afárá yẹn ni ọlọ́kadà kan ti bá wa. Ó dúró, ó ti ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gun ọ̀kadà, ẹ má sanwó. Ìṣẹ́ ni mò ń padà sí, mi ò gbé ẹnì kankan."

Ìyá mi wo àga ọ̀kadà náà. Ó wò ó pẹ́. Mi ò tíì rí kí èèyàn wo àga ọ̀kadà bẹ́ẹ̀ rí.

"O ṣé, ọmọ mi, Ọlọ́run á ṣọ́ ẹ. Òkun ni mò ń lọ, ẹsẹ̀ ni mo sì fi jẹ́ ẹ̀jẹ́."

Ọlọ́kadà yíjú sí mi. "Ọ̀gá, ṣé ara wọn dá?"

"Bá tìẹ lọ jàre!" mo ní. Èmi lè máa kùn sí ìyá mi nínú ọkàn mi láti àárọ̀, kò sí ọlọ́kadà tó máa bá mi kùn sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń lọ, ojú mi tẹ̀lé àga ẹ̀yìn tó ṣófo yẹn títí ó fi wọ kọ́nà.

Aago méjì ọ̀sán ti kọjá nígbà tí a wọ Ìṣẹ́. Nítòsí gáréèjì, obìnrin kan ń ta ẹ̀kọ àti àkàrà lábẹ́ àtíbàbà páànù. Mi ò jókòó, mo kàn wó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ ni. Mo bọ́ kánfáàsì, ẹ̀jẹ̀ ti mu ìbọ̀sẹ̀ mi. Ìyá mi wá jókòó níkẹyìn, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra orúnkún. Ẹlẹ́kọ bi í bí gbogbo ayé ṣe ń bi í, ìyá mi sì sọ fún un.

"Òkun?" Ẹlẹ́kọ fi ṣíbí sílẹ̀. "Màmá, wọn kì í gba Ìṣẹ́ lọ sí òkun o! Àkúrẹ́ ni wọ́n ń gbà. Àbúrò ọkọ mi ń ta ẹja ní Igbókòdá, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ta ló júwe ọ̀nà yìí fún yín?"

Mo tẹ orí ba, mò ń wo ìléròrò mi bíi pé ìwé ló wà níbẹ̀. Mo ti ń ṣe irọ́ kejì lọ́kàn, mo fẹ́ sọ pé afárá kan ti wó lọ́nà Àkúrẹ́, kí n tó gbọ́ tí ìyá mi ń rẹ́rìn-ín.

"Ṣé o rò pé mi ò mọ ọ̀nà Àkúrẹ́ ni? Kí n tó bí eléyìí ni mo ti ń ru ata lọ tà ní Àkúrẹ́. Mo mọ àwọn tó ń kó ẹja gbígbẹ bọ̀ láti apá omi, a jọ ń pàtẹ ni. Bí a ṣe yà ní oríta láàárọ̀ yìí ni mo ti mọ̀ pé ẹ̀yìn wa ni òkun wà." Ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká. "Ọmọ mi yìí ló ní ká gba Emùré. Ẹ̀gbọ́n mi kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, òun ló pọ̀n mí. Kò fẹ́ kí n lọ irú ìrìn yìí láìkọ́kọ́ kí i, kó súre fún mi. Kò sọ ọ́ fún mi o! Ó ṣe é bíi pé ibẹ̀ ni ọ̀nà gbà, ojú ló ń tì í. Ṣé o rí ọmọ tó mọ̀wà hù?"

Ẹlẹ́kọ wò mí tàánú-tàánú, ẹsẹ̀ mi, ìbọ̀sẹ̀ mi, gbogbo rẹ̀. Ó ní ọmọ dáadáa ni mí, kí Ọlọ́run jẹ́ kí àwọn ọmọ tòun náà rí bẹ́ẹ̀. Ó fi àkàrà méjì kún tèmi. Omi ni mo fi tì í.

Láti Ìṣẹ́ sí Emùré ò jìnnà, ẹni tó bá wà nínú mọ́tò ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá mi ti ń tiro gidi báyìí. Ó gbà kí n gba àpò lórí rẹ̀, ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé ó ti dé góńgó. Ó fi ọwọ́ kan mú èjìká mi, ó ń tẹ̀ mí mọ́lẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún. Mo rò ó pé kí n sọ òótọ́ fún un. Mo la ẹnu nígbà àkọ́kọ́, mo bi í bóyá orúnkún ń dùn ún. Mo la ẹnu nígbà kejì, mo ní ó jọ pé òjò ṣú lápá ìlú Ìjàn. Nígbà kẹta, kó tó dé ètè mi, ó ní, "Má sọ̀rọ̀ mọ́, Tíṣà. Fi èémí yẹn rìn."

Ojú tì mí. Ó rẹ̀ mí, ojú sì tì mí, mi ò mọ èyí tó ń dùn mí jù nínú méjèèjì. Mo ní kí n yí i padà, kí n jẹ́wọ́, ká jókòó sẹ́bàá ọ̀nà títí ẹnì kan á fi gbé wa padà. Ṣùgbọ́n lẹ́tà ti dé ọwọ́ ẹni tó ni ín láti ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn. Òjò ò rọ̀. À ń lọ.

Oòrùn ti ń rọ̀ nígbà tí a dé ojúlé ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Wọ́n jókòó síta lórí àpótí, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ojú wọn ṣì mú bí abẹ́rẹ́. Ìyá mi fi èjìká mi sílẹ̀, ó fi orúnkún tó wú yẹn kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ulé o, ẹ̀gbọ́n mi."

"Dìde, dìde, àbúrò mi. Wá wọ ulé."

Wọ́n mú wa wọlé. Wọ́n fún wa ní omi mu, wọ́n ní kí àwọn ọmọ ilé bu iyọ̀ sí omi gbígbóná fún mi kí n ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ni oúnjẹ dé, iyán funfun nínú abọ́ ńlá, ooru ṣì ń jáde lórí rẹ̀, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí ẹran kún inú rẹ̀. Ìyá mi wẹ ọwọ́, ó bu òkèlè kan. Ó dáwọ́ dúró. Kò sí ẹni tó ń gún iyán de àlejò tí kò mọ̀ pé ó ń bọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ta ló sọ fún yín pé à ń bọ̀?"

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ò mọ irọ́ pa, mi ò sì rò ó nígbà tí mò ń kọ lẹ́tà. Wọ́n tọ́ka sí mi. "Tíṣà ló kọ̀wé. Ó ní ìrìn yìí máa pa ọ́, kí n dá ọ dúró. Òótọ́ ló sì sọ, wo ẹsẹ̀ rẹ."

Ìyá mi dá òkèlè padà sínú abọ́. Kò wò mí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dìde, wọ́n fi ọwọ́ kan mú òpó ilẹ̀kùn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ eékún díẹ̀díẹ̀, bí mo ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́. "Àbúrò mi, èmi tí mo pọ̀n ọ́, mo bẹ̀ ọ́..."

"Ẹ má dán an wò!" Ìyá mi já bọ́ láti orí àga, ó ti wà lórí eékún méjèèjì kí ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó kan ilẹ̀, ó di aṣọ wọn mú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò! Mo ti gbọ́. Mi ò lọ mọ́."

Ó tán. Ohun tí mo wá ni mo rí gbà yẹn, kò yẹ̀ díẹ̀. Ìyá mi jókòó sórí sìmẹ́ńtì níbẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó ń sunkún láìpariwo, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń fi etí aṣọ nù ún lójú.

"Ó rẹ̀ mí," ó ní, mi ò mọ ẹni tó ń bá sọ ọ́. "Láti orí afárá ni mo ti ń bẹ Ọlọ́run pé kó rán ẹnì kan sí mi kó dá mi dúró, torí èmi ò lè dá ara mi dúró. Mo ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ náà lójú ìjọ." Ó fa imú. "Ṣùgbọ́n ọmọ ńkọ́? Mo ti dúró o. Ọmọ ńkọ́?"

Mo fẹ́ sọ pé ibà ni. Láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń sọ ọ́, pé ibà ni, dókítà ti sọ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, kò jáde lẹ́nu mi. Mò ń wo obìnrin tó ti fi orúnkún kan ṣoṣo rìn láti Ìkéré dé Emùré nítorí ọmọ mi, tó sì ń yìn mí fún ẹlẹ́kọ lójú ọ̀nà.

"Èmi ni màá lọ, Màmá," mo ní. "Ẹ dúró sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n yín. Lọ́la, màá padà sí Ìkéré, màá gba Àkúrẹ́, màá fi ẹsẹ̀ rìn débẹ̀ fún yín. Màá kúnlẹ̀ sínú omi náà."

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi gbé orí sókè. "Ó ṣeé ṣe," wọ́n ní. "Ọmọ lè san ẹ̀jẹ́ ìyá rẹ̀, tí ìyá bá ti fi ẹnu ara rẹ̀ rán an. Rán an, àbúrò mi. Fi ẹnu rẹ rán an, kí ọkàn rẹ lè balẹ̀."

Ìyá mi ò rán mi. Ó wá wò mí nígbà náà, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ó ti dá òkèlè padà. Ká ní ó bínú ni, mo mọ bí mo ṣe máa ń ṣe é tó bá bínú. Kò bínú. Ó kàn ń wò mí bí èèyàn ṣe ń wo ẹni tí kò mọ̀ rí.

"Tíṣà," ó ní jẹ́jẹ́, "ṣé lóòótọ́ lo máa lọ, àbí o tún ti kọ lẹ́tà sí ẹnì kan?"

Mo yọ ẹsẹ̀ kúrò nínú omi, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú rẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, àyà mi kan ilẹ̀, ẹsẹ̀ mi ń ta mí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, "Forí jì í, ọmọ rẹ ni." Ó pẹ́ kí ìyá mi tó ní kí n dìde.